Ta Ni Yóò Bá Wa Gbé?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ará ìlú kéékèèké máa ń sọ láàrin ara wọn nígbà tí ayẹyẹ bá tán, ṣùgbọ́n tí a kì í sábà rí kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ náà ni pé ìlú bí tiwa mọ ọmọ bí, ó mọ ọmọ tọ́, ó sì mọ bí a ti ń dá owó jọ láti rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga; ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà bá di onímọ̀ tán, ìlú mìíràn ni í jẹ èrè rẹ̀. Ní Ìrèsì níbí, nígbà Kérésìmesì àti Àjíǹde, àti nígbà tí a bá ń sin òkú àgbà, àwọn dókítà, àwọn lọ́yà, àwọn ẹnjiníà àti àwọn olùkọ́ yunifásítì tí wọ́n jẹ́ ọmọ wa a máa gun òkè wá pẹ̀lú ọkọ̀ wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì a kún, owó ìdúpẹ́ a sì pọ̀. Bí ó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo wọn ti lọ, a ó sì tún ku àwa àgbà, àwọn ọmọdé, àti àwọn àgbẹ̀.

A kò kọ èyí láti fi bú àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n bí obìnrin kan bá ń rọbí ní òru, tí ọmọ sì dábùú, ọkọ̀ 20 tí ó gun òkè wá nígbà Kérésìmesì kò lè ràn án lọ́wọ́. Ẹni tí ó lè ràn án lọ́wọ́ ni agbẹ̀bí tí ó sùn sí ìlú ní alẹ́ ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọmọ tí ó fẹ́ mọ ìṣirò: olùkọ́ tí ó dúró níwájú rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni yóò kọ́ ọ, kì yóò rí ẹ̀kọ́ gbà lọ́dọ̀ ọ̀mọ̀wé tí à ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn ní Èkó. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó tọ́ kí á jókòó wádìí ìdí tí àwọn onímọ̀ kì í fi í bá ìlú kékeré gbé, àti ohun tí a lè ṣe kí wọ́n lè bá a gbé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ tuntun ni èyí. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ogun Kírìjì ń jà ní àyíká wa yìí, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, tí a ṣe àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ ní ọdún 1886, tí àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká pátápátá títí di ọdún 1893, ìlú tí kò ní alágbẹ̀dẹ kò ní ọkọ́, kò ní àdá, kò sì ní ohun ìjà. Bí ìlú bá gbọ́ pé alágbẹ̀dẹ kan mọ iṣẹ́, wọ́n a ránṣẹ́ sí i, wọ́n a fún un ní ilẹ̀ ilé àti ilẹ̀ oko, nígbà mìíràn wọ́n a tilẹ̀ fún un ní aya, kí ó lè ta gbòǹgbò. Ẹni tí ó wá bí àlejò, àwọn ọmọ rẹ̀ a di onílé. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò fi ẹnu lásán pè é.

Ìwé Mímọ́ pàápàá kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Nígbà tí Nehemáyà mọ odi Jerúsálẹ́mù tán, ìlú náà tóbi, ṣùgbọ́n àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Wọ́n ṣẹ́ kèké láti mú ẹnì kan nínú mẹ́wàá wá gbé ibẹ̀, gbogbo ènìyàn sì súre fún àwọn tí wọ́n fi tinútinú yọ̀ǹda ara wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá ka ìwé náà síwájú, a ó rí i pé nígbà tí Nehemáyà kò sí nílé, a kò fún àwọn ọmọ Léfì ní ìpín wọn mọ́, olúkúlùkù wọn sì sá padà sí oko rẹ̀. Ohun tí Nehemáyà ṣe nígbà tí ó padà dé yẹ ní àkíyèsí: àwọn ìjòyè ni ó bá wí. Kò bá àwọn ọmọ Léfì wí. Ó kó wọn jọ, ó dá wọn padà sí ipò wọn, ó sì rí i pé ìpín wọn dé ọwọ́ wọn.

Ẹ̀kọ́ yìí kò jìnnà sí wa. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí, nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, láti ọdún 2015 títí di ọdún 2018, ìdajì owó oṣù ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ipò wọn ga ń gbà. Olùkọ́ tí ó ń gba ìdajì owó ní ìlú ńlá lè wá iṣẹ́ mìíràn ṣe ní ìrọ̀lẹ́. Olùkọ́ tí ó wà ní orí òkè, oko nìkan ni ó rí. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ìlú tí ó jìnnà jùlọ ni í kọ́kọ́ pàdánù òṣìṣẹ́ rẹ̀, òun náà sì ni í kẹ́yìn láti rí òmíràn gbà.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí àwọn onímọ̀ àkọ́kọ́ ti ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Henry Townsend tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. Ní ọdún 1854 ni Ẹgbẹ́ C.M.S. rán James White, ọmọ Sàró, lọ sí Ọ̀tà gẹ́gẹ́ bí katikíìsì, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún 1896 ni a dá St. Andrew's College sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́, láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti katikíìsì sì ti jáde lọ sí ìlú àti ìletò. Ní ọdún 1907 ni Dókítà George Green ti Ìjọ Onítẹ̀bọmi dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì lò ju 30 ọdún lọ lẹ́nu iṣẹ́ ìwòsàn ní ilẹ̀ yìí. Àwọn wọ̀nyí kò wá nítorí owó; síbẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé àwọn onígbàgbọ́ ìgbà náà mọ ojúṣe wọn. Níbi tí wọ́n bá ti kọ́ ilé ìsìn, wọn a kọ́ ilé olùkọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọn a gbé iṣu wá, wọn a pọn omi. Ilé mísàn tí ó kù ní ọ̀pọ̀ ìlú wa títí di òní, ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé ni ó mọ ọ́n.

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù January ọdún 1955, iye ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò sókè láàrin ọdún kan: láti nǹkan bí 457,000 ó di ohun tí ó lé ní 811,000. Níbo ni a ó ti rí olùkọ́ fún gbogbo wọn? A kò lè kó wọn wá láti òkè òkun. Ìjọba ti fi kún àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ olùkọ́ ṣáájú, a sì kó àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ yìí fúnra wọn sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò tíì kọ́ iṣẹ́ náà tán, àwọn ènìyàn sì ṣàròyé pé ẹ̀kọ́ ti rọ̀ sílẹ̀. Àròyé náà ní òótọ́ nínú. Ṣùgbọ́n ìletò tí kò rí olùkọ́ rí ní ẹnì kan tí ó di ẹfun mú níwájú ọmọ.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àdúgbò wa gan-an. Ìmẹ̀sí-Ilé kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 1956 ni dókítà òyìnbó kan tí ń jẹ́ David Morley dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ti Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Iléṣà, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1961. Ó rí i pé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ń kú bí ewé, àti pé àìsàn tí ń pa wọ́n kì í ṣe àìsàn tí kò ní oògùn. Ó yan Ìmẹ̀sí-Ilé, ó ń tẹ̀lé àwọn ọmọ tí a bí níbẹ̀ láti ọjọ́ ìbí wọn, ó ń wọ̀n wọ́n, ó sì ń kọ ìwọ̀n wọn sílẹ̀ lóṣooṣù. Láti inú iṣẹ́ yìí ni káàdì kan ti jáde tí a ń ya ìlà ìdàgbàsókè ọmọ sí, tí ó fi jẹ́ pé bí ìlà náà bá dẹ́kun láti máa gòkè, ìyá àti nọ́ọ̀sì yóò mọ̀ pé ewu ń bọ̀ kí ara ọmọ tó jò tán. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti di ohun tí a ń lò káàkiri ayé, Ìmẹ̀sí-Ilé tí ó wà láàrin òkè wọ̀nyí ni ó sì ti ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ronú sí i bí iṣẹ́ náà ṣe dúró. Morley kò lè gbé Ìmẹ̀sí-Ilé kí ó sì tún máa ṣe iṣẹ́ ilé ìwòsàn Iléṣà. Àwọn nọ́ọ̀sì ni ó kọ́ láti máa wo ọmọ, láti mọ èyí tí àwọn lè wòsàn àti èyí tí ó yẹ kí á gbé lọ sí Iléṣà. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, ìwòsàn àti ìdènà àìsàn lábẹ́ òrùlé kan náà. Káàdì náà kò sí nínú àpótí ilé ìwòsàn. Ìyá ọmọ ni ó ń tọ́jú rẹ̀ nílé. Nípa bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ tí ó wà lórí dókítà kan bọ́ sọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó sì dé ọwọ́ ìyá. Nígbà tí dókítà náà padà lọ, iṣẹ́ kò kú. Nígbà tí àwọn mìíràn sì wá ṣe ìwádìí lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé ikú àwọn ọmọ dín kù ní Ìmẹ̀sí-Ilé ju ti ìlú kejì tí kò ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò pọn dandan kí ìlú kékeré rí dókítà gbé sórí gbogbo òkè. Ohun tí ó pọn dandan ni kí ìmọ̀ dókítà rí ọwọ́ tí yóò dúró nílé.

Ìjọba náà ti gbìyànjú láti rán onímọ̀ sí wa. Ní ọdún 1973, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ni ìjọba Ọ̀gágun Gowon dá iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní ìlú kéékèèké ni ìbá sì ti máa wà láìní olùkọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ bí kò bá sí wọn. Ní ọdún 2009 ni a bẹ̀rẹ̀ ètò tí a fi ń rán àwọn agbẹ̀bí lọ sí àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé ní ìgbèríko, títí kan àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ní ọdún 2020 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé a ó máa fún àwọn olùkọ́ tí ó wà ní ìgbèríko ní owó ìrànlọ́wọ́. Gbogbo wọn ni ó dára. Ṣùgbọ́n àgùnbánirọ̀ kì í lò ju ọdún kan lọ. Bí ó bá ti mọ orúkọ àwọn ọmọ tán, tí ó sì mọ ẹni tí kò gbọ́ ẹ̀kọ́ nínú wọn, ìgbà rẹ̀ ti tó. Àlejò ni, àlejò a sì máa lọ.

Kí ni í mú kí ẹni tí ó wá láti dúró pẹ́ fi máa ń lọ? Ní ibi kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí, tí a kì yóò dárúkọ, agbẹ̀bí kan wá tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Yàrá kan lẹ́yìn ilé oògùn ni wọ́n fún un. Òjò ń wọ ibẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò sì ní àgádágodo. Òun nìkan ni ó ń ji ní òru, òun náà ni ó ń gbálẹ̀ ní òwúrọ̀. Nígbà tí ọyẹ́ parí, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ. Àwọn ará ibẹ̀ ní agbéraga ni, pé ìlú ńlá ni ó ń wù ú. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tí ó sọ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè sọ ohun tí obìnrin náà ń jẹ ní alẹ́. Obìnrin ará Ṣúnémù mọ̀ jù wọ́n lọ: nígbà tí ó fẹ́ kí Èlíṣà máa yà sọ́dọ̀ wọn, ó kọ́ yàrá kékeré sórí ilé, ó gbé ibùsùn, tábìlì, àga àti fìtílà sí i. Ohun mẹ́rin péré ni, ṣùgbọ́n ó ti ronú nípa bí àlejò náà yóò ṣe sùn, bí yóò ṣe jókòó, àti bí yóò ṣe kàwé ní òru.

Ọ̀rọ̀ yìí dé inú ilé tiwa náà. A ní ọmọbìnrin kan tí ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ó wá sílé ní ìsinmi, ìyá rẹ̀ bi í bí yóò bá padà wá ṣiṣẹ́ ní òkè yìí nígbà tí ó bá gba ìwé ẹ̀rí. Kò dáhùn kíákíá. Ó wá ní, “Bàámi, ẹ má bínú. Bí aláìsàn bá wá tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju agbára mi lọ, ta ni mo fẹ́ bi ní òru? Bí ó bá kú mọ́ mi lọ́wọ́, ta ni yóò gbà mí gbọ́?” A ti retí pé yóò sọ̀rọ̀ nípa owó tàbí iná mànàmáná. Kò dárúkọ ọ̀kan nínú wọn. Ìdánìkanwà ni ó ń bà á lẹ́rù. Àwọn nọ́ọ̀sì Ìmẹ̀sí-Ilé ní Iléṣà lẹ́yìn wọn. Wọ́n mọ ẹni tí wọ́n lè bi, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n lè gbé aláìsàn lọ. Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ kàn máa kígbe pe ọmọ wá sílé. Ó yẹ kí á kọ́kọ́ wò ó bí ọ̀nà tí ó ti ilé lọ sọ́dọ̀ olùrànlọ́wọ́ bá ṣí.

Kí á má sì rò pé òṣì nìkan ni ó fa èyí. Orílẹ̀-èdè Jàpáánù ní ọrọ̀, síbẹ̀ àwọn erékùṣù àti àwọn abúlé orí òkè rẹ̀ kò rí dókítà. Ní ọdún 1972 ni wọ́n dá yunifásítì ìṣègùn kan sílẹ̀ tí ń jẹ́ Jichi. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan a máa yan àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ síbẹ̀, a ó san owó ẹ̀kọ́ wọn bí ẹ̀yáwó; bí wọ́n bá sì ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 9 ní ìpínlẹ̀ tí ó rán wọn, tí wọ́n lo apá kan nínú rẹ̀ ní ìgbèríko, gbèsè náà ti parẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà gbé ìmọ̀ràn kalẹ̀ ní ọdún 2010, ó sì tún un ṣe ní ọdún 2021, pé ọmọ tí ó dàgbà ní ìgbèríko ni ó ṣeé ṣe jùlọ pé yóò padà ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àti pé ó dára kí á mú ilé ẹ̀kọ́ súnmọ́ ìgbèríko. Àjọ yìí kan náà ni ó ka Nàìjíríà mọ́ orílẹ̀-èdè 55 tí àìtó òṣìṣẹ́ ìlera wọn burú jù ní ọdún 2023, ní àkókò tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń jápa lọ sí ìlú òyìnbó.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìrètí ń bẹ fún wa. Ní ọdún 2021 ni ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí yunifásítì ìmọ̀ ìlera sí Ìlá-Ọ̀ràngún. Àwọn ọmọ Ìgbájọ, aládùúgbò wa, ti kó ara wọn jọ dá ilé ẹ̀kọ́ Pólì sílẹ̀ ní ìlú wọn. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ń bọ̀ wá bá wa ní ẹnu ọ̀nà. Ìbéèrè tí ó kù ni pé ọmọ ta ni yóò wọ inú rẹ̀. Bí àwọn ọmọ wa kò bá yege ìdánwò nítorí pé kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, àwọn ọmọ ìlú ńlá ni yóò wá kàwé ní àárín wa, wọn yóò sì tún padà síbi tí wọ́n ti wá.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a fi ń bẹ àwọn ará wa nílé àti lẹ́yìn odi. Èkíní, ẹ jẹ́ kí á kọ́ ilé kí á tó ké sí ènìyàn: ilé kan fún agbẹ̀bí, ilé kan fún olùkọ́, tí ó ní omi, àgádágodo, àti iná tí oòrùn ń fún ní agbára. Owó tí ìdílé kan ń ná lórí òkú àgbà kan lè gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ dúró. Èkejì, kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú máa yan ọmọ kan tàbí méjì, kí wọ́n san owó ẹ̀kọ́ wọn, kí wọ́n sì bá wọn ṣe àdéhùn iye ọdún kan pàtó nílé, tí a kọ sílẹ̀, tí ó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ẹ̀kẹta, kí àwọn dókítà wa tí kò lè wá gbé ilé fi nọ́ńbà fóònù wọn lé nọ́ọ̀sì ìlú lọ́wọ́, kí wọ́n sì gbé e bí ó bá pè ní òru. Ẹ̀kẹrin, bí onímọ̀ bá dé, kí á má ṣe sọ ọ́ di ẹrú ìlú. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi, kí ọkọ tàbí aya rẹ̀ rí iṣẹ́ ṣe, kí àwọn ọmọ rẹ̀ rí ilé ìwé lọ.

Ẹnì kan lè wí pé ìfẹ́ ìlú ẹni tó, pé àwọn míṣọ́nnárì kò bèèrè fún tábìlì àti fìtílà. Àwa tí a ti gba ìpè ìjọ mọ̀ bí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn tó lẹ́nu ẹni tí kì í ṣe òun ni a rán níṣẹ́. Ó tọ́ kí ènìyàn yan ìrora fún ara rẹ̀ nítorí Olúwa. Kò tọ́ kí á yan án fún ọmọ ọlọ́mọ kí á sì máa pè é ní ọ̀lẹ nígbà tí ó bá kọ̀. Alágbàṣe yẹ fún owó iṣẹ́ rẹ̀, yálà ó wà ní Ìbàdàn tàbí ní orí òkè.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìjọba ní tirẹ̀ láti ṣe, kí ó san owó oṣù lásìkò kí ó sì tún ọ̀nà ṣe. Ìjọ ní tirẹ̀, ìlú ní tirẹ̀. Kí Ọlọ́run tí ó fi ọgbọ́n sí ọwọ́ ènìyàn fún wa ní ọkàn láti tẹ́ ibùsùn, láti gbé tábìlì kalẹ̀, àti láti bu epo sí fìtílà, kí ẹni tí yóò bá wa gbé lè rí i, nígbà tí ó bá dé, pé a ti ń retí òun.